Igi Óákù Tó Wó Lẹ́yìn Ilé, àti Ìyá Wa Tó Là Á

Ó dàárọ̀ ọjọ́ àjíǹde o, Màmá wa. Fẹlíṣíà Àjíkẹ́ Ọláwuyì, ọmọ Ṣakí, aya Ọláwuyì, ìyá Fọlákẹ́, ìyá Káyọ̀dé, aládùúgbò rere, ó dàárọ̀ o. Aṣọ òtútù yín ṣì wà lórí ìkọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ìbọ̀wọ́ yín wà nínú àpò rẹ̀. Mo ti na ọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì láti gbé e kúrò, mo sì tún fi í sílẹ̀.

Ẹ kì í fẹ́ kí ẹkún pẹ́ lójú èèyàn. Bí a bá wá sunkún sí yín lọ́rùn, ẹ máa ń jẹ́ kí a sun ún débi tó bá mọ, lẹ́yìn náà ẹ ó ní, “Ó tó. Dìde, ká wá nǹkan ṣe sí i.” Mo ti sunkún, Màmá. Mo ti dìde. Ohun tí mo rí ṣe sí i lónìí ni kí n kọ irú ẹni tí ẹ jẹ́ sílẹ̀, kí àwọn tó wá bá wa sin yín lè gbé e lọ sílé.

Àwọn ará ìjọ wa mọ̀ yín sí ẹni tí kì í pẹ́ dé ìpàdé àdúrà. Àwọn arúgbó tí ẹ lọ ń tọ́jú nílé wọn káàkiri Queens mọ̀ yín sí ẹni tó máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ omi wò kó tó fi wẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ní òpópónà wa ní Queens Village, àáké ni wọ́n fi mọ̀ yín. “Gíránmà Onígi” ni àwọn ọmọ àdúgbò ń pè yín. Ẹni tí kò mọ̀ yín tẹ́lẹ̀, tó bá ń kọjá lọ, tó gbọ́ gbì, gbì, gbì lẹ́yìn ilé wa, tó wá yọjú wo inú àgbàlá, ìyá àgbà kan ló máa bá níbẹ̀, tó fi ìborùn di orí, tó wọ bàtà iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, tó ń la igi.

Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń pa ẹ̀yin fúnra yín lẹ́rìn-ín, torí igi gan-an lẹ sá fún. Ní Ṣakí, ẹ̀yin àti ìyá yín lẹ máa ń lọ ṣẹ́ igi ìdáná lóko kí ẹ tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ẹ sọ fún wa bí òṣùká ṣe máa ń yẹ̀ lórí yín, bí ọyẹ́ ṣe máa ń la ètè yín, àti bí ẹ ṣe máa ń dé kíláàsì pẹ̀lú èèpo igi nínú irun. Nígbà tí ẹ wá bá Dádì ní New York, tí ẹ rí i pé wọ́n kàn ń yí nǹkan kékeré kan lára ògiri ni, tí gbogbo ilé á fi móoru, ẹ ní, “Ọlọ́run ṣeun. Mi ò tún ní fọwọ́ kan igi mọ́ láyé mi.” Dádì ló máa ń sọ ìtàn yẹn fún àlejò, ohùn yín ni wọ́n sì máa ń fi sọ ọ́, ẹ̀yin náà á máa rẹ́rìn-ín láti ilé ìdáná.

Ilé tí ẹ̀yin méjèèjì fi òógùn ojú yín ní ni a ti dàgbà. Dádì ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ òfuurufú ní JFK. Igi óákù ńlá kan wà lẹ́yìn ilé náà, ó sì ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ́lé sí òpópónà yẹn. Abẹ́ rẹ̀ ni Dádì máa ń gbé àga sí bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á na ẹsẹ̀ sórí gbòǹgbò rẹ̀. Nínú pálọ̀ wa, ààrò kan wà tí wọ́n kọ́ mọ́ ògiri, tó ní ihò èéfín tó yọ lórí òrùlé, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò dáná níbẹ̀ rí lójú wa. Òdòdó oníke lẹ tò sínú rẹ̀.

Nígbà tí Dádì kú, ẹ jókòó. Bí mo ṣe lè sọ ọ́ nìyẹn. Ẹ jókòó sórí àga wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ kọjú sí igi yẹn, ẹ ò sì dìde mọ́. Oúnjẹ tí mo bá gbé wá láti Springfield Gardens níbi tí mò ń gbé, èmi náà ni mo máa ń gbé e padà. Àwọn ìyá ìjọ wá, wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà, ẹ ṣe àmín, ẹ sì tún kọjú sí fèrèsé. Àbúrò mi Káyọ̀dé wá láti Texas láti mú yín lọ. Ó ti tún yàrá ṣe sílẹ̀ dè yín, ó fi fọ́tò yàrá náà hàn yín lórí fóònù. Ẹ ò sọ pé ẹ ó lọ, ẹ ò sì sọ pé ẹ ò ní lọ. Ẹ kàn sọ fún un pé ó ṣeun. Ó sunkún fún mi lórí fóònù nígbà tó padà délé. Ó ní, “Àǹtí, a máa sin Màmá náà tí a kò bá ṣọ́ra.”

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í já lọ́dún yẹn, ìjì kan jà ní Queens lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni mo wà nígbà tí ẹ pè mí. Ohùn yín balẹ̀. Ẹ ní, “Fọlákẹ́, igi bàbá yín ti wó.”

Nígbà tí mo dé, igi náà ti nà gbalaja sí gbogbo àgbàlá. Ó ti wó ọgbà, ó ti fọ́ àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, gbòǹgbò rẹ̀ sì ti hú ilẹ̀ sókè. Omi ti kún àjà ilẹ̀, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ti bà jẹ́, iná ti lọ. Mo bá yín lóde. Ẹ wọ aṣọ òjò Dádì, ẹ gbé ọwọ́ lé ara igi náà bí ẹni tó ń yẹ ara aláìsàn wò. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí yín lórí ìdúró.

Káyọ̀dé pè, mo gbé fóònù sí yín létí. Ó ní, “Màmá, Ọlọ́run ti sọ̀rọ̀ báyìí. Ẹ jẹ́ ká ta ilé yẹn.”

Ẹ dá a lóhùn pé, “Káyọ̀dé, bí Ọlọ́run bá fẹ́ kí n kúrò níbí, orí mi ni ì bá wó igi yìí lé. Ẹ̀yìnkùlé ló wó o sí. Igi ìdáná ló fún mi.”

A rò pé ẹ ń fi ṣe àwàdà ni. Nígbà tí àwọn tó ń gé igi dé pẹ̀lú ayùn ẹlẹ́ńjìnnì wọn àti ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi kó o, ẹ dúró sí ẹnu ọ̀nà ọgbà, ẹ ní kí wọ́n gé e sí ìtì kéékèèké, kí wọ́n sì fi sílẹ̀. Ọ̀gá wọn bi yín bóyá ẹ ní ẹni tó máa bá yín là á. Ẹ ní, “Èmi ni.” Ó wo mí, ó rò pé màá sọ nǹkan. Èmi náà ń wo yín.

Màmá, ẹ ò mọ̀ ọ́n là nígbà yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ níwájú pósí yín. Igi tí ẹ mọ̀ ní Ṣakí, igi tó ti kú sóko ni, tí èèyàn kàn ń ṣẹ́, tó ń dì, tó ń rù. Óákù tútù kò jọ bẹ́ẹ̀. Àáké àkọ́kọ́ tí ẹ rà, ẹnu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọnú igi, ó há síbẹ̀, a fà á títí ọwọ́ wa fi bó. Ẹ lọ pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó nípọn lẹ́yìn, tó wúwo. Ẹ fi bàtà iṣẹ́ Dádì sẹ́sẹ̀, ẹ fi awò ààbò bojú, ẹ bẹ̀rẹ̀. Mo ní, “Màmá, ẹ ro ti ọjọ́ orí yín.” Ẹ ní, “Ṣé orí ni mo fẹ́ fi là á ni? Ọwọ́ ni.”

Díẹ̀díẹ̀, ó yé yín. Ẹ rí i pé èèyàn kì í ti àárín ìtì igi là á, etí rẹ̀ ni èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ rí i pé ibi tó bá ní kókó, kí èèyàn yí i sí òdìkejì. Ẹ rí i pé agbára kọ́ ló ń là á, pé bí èèyàn bá gbé àáké sókè tán, kó jẹ́ kí ìwúwo rẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìtì tó bá ya olórí kunkun, ẹ máa ń fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó sí i lójú, ẹ ó fi òòlù gbá a wọlé títí yóò fi dún ké, tí yóò sì pín sí méjì. Òórùn óákù tútù yẹn, tó kan díẹ̀ bí ọtí kíkan, máa ń bá yín wọlé lára aṣọ. Kò sí ọjọ́ tí ẹ là ju bí ara yín ṣe gbà lọ. Ẹ ó là díẹ̀, ẹ ó jókòó sórí ìtì, ẹ ó mu omi, ẹ ó tún dìde.

Inú àgbàlá yẹn, pẹ̀lú ìyẹ̀fun igi lára ojú yín, ni mo ti gbọ́ láti ẹnu yín fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ikú Dádì pé ebi ń pa yín. Mo sáré wọlé. Mo gbé ìrẹsì wá, ẹ jẹ ẹ́ lórí ìdúró, ẹ bi mí bóyá ó kù. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti bá yín jiyàn lórí igi mọ́.

Káyọ̀dé ò dákẹ́ ní tirẹ̀. Ó ra ẹ̀rọ tuntun sí àjà ilẹ̀, ilé gbóná padà. Ó wá bi yín pé, “Màmá, ẹ ti ní ẹ̀rọ. Kí lẹ tún fẹ́ fi igi ṣe?”

Ẹ ní, “Ẹ̀rọ rẹ dára, ọmọ mi, o ṣeun. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná ló ń jẹ. Bí iná bá lọ, á kú. Mo ti gbé Nàìjíríà rí.”

Ẹ kó òdòdó oníke kúrò nínú ààrò, ẹ pe àwọn tó ń gbá ihò èéfín, wọ́n gbá ìtẹ́ ẹyẹ àti èédú àtayébáyé jáde, ẹ sì dáná yín àkọ́kọ́. Ìyà jẹ wá. Igi tútù ni. Ó ń hó, omi ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí itọ́, èéfín dúdú sì ń rọ́ jáde lórí òrùlé lọ sí òpópónà. Ẹ ò gbà. Ẹ tún dá a lọ́jọ́ kejì, ẹ tún dá a lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí òṣìṣẹ́ ìjọba kan fi kan ilẹ̀kùn, ó ní ẹnì kan láàdúgbò ti fẹjọ́ èéfín wa sùn.

Ẹ mọ ẹni náà lójú ẹsẹ̀. Mísítà Réjì ni, bàbá ará Haiti tó ń gbé ní ilé kejì sí tiwa, tó ti wa ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yin méjèèjì kì í bá ara yín sọ̀rọ̀ ju ẹ káàárọ̀ lọ. Ẹ fi ìbínú so ìborùn, ẹ kọjá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo tẹ̀ lé yín. Ó ṣí ilẹ̀kùn kí ẹ tó kàn án. Kò sá fún ọ̀rọ̀ náà rárá. Ó ní, “Èmi ni mo pè wọ́n, Màdáàmù. Ẹ wá gbọ́.” Ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láti inú yàrá, a gbọ́ ìyàwó rẹ̀, Lúsì, tó ní ikọ́ fée. Èémí rẹ̀ ń dún bí ẹni ń fọn fèrè láti ọ̀nà jíjìn.

Gbogbo ọdún tí ẹ fi ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn wà lójú yín nígbà yẹn. Ẹ ò sọ ọ̀kan nínú ohun tí ẹ gbé bọ̀ láti ilé. Ẹ ní, “Ẹ má bínú. Iná yẹn máa kú báyìí.” Nígbà tí a délé, ẹ fi eérú bo iná náà mọ́lẹ̀. Ẹ wá jókòó, ẹ ní, “Bàbá yẹn jàre. Igi ò tíì gbẹ, mo sì fẹ́ fi ipá mú un.” Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Ẹ dìde, ẹ mú àáké, ẹ padà sí àgbàlá, ẹ ní tí kò bá gbẹ lọ́dún yìí, yóò gbẹ lọ́dún mìíràn.

Ẹ ò dáná kankan títí ìgbà òtútù yẹn fi kọjá. Ẹ là, ẹ tò. Ẹ to búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ kí ọ̀rinrin ilẹ̀ má baà gùn ún. Ẹ gbé e jìnnà sí ara ilé nítorí ikán. Ẹ kọjú èèpo rẹ̀ sókè kí òjò lè máa ṣàn kúrò lórí rẹ̀. Mo ra tapólì ńlá wá láti fi bò ó pátápátá, ẹ gé e kù, ẹ fi bo òkè nìkan. Ẹ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa rí atẹ́gùn. Nígbà ooru, tí àwọn aládùúgbò bá ń yan ẹran nínú àgbàlá wọn, ẹ̀yin a máa rìn yí igi yín ká, ẹ ó mú ẹ̀là méjì, ẹ ó fi lu ara wọn létí. Bó bá dún bù, ẹ ó dá a padà. Ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ dún kán-ún bí agogo, ẹ pè mí níbi iṣẹ́ kí n lè gbọ́ ọ lórí fóònù.

Ẹ tún ní kí wọ́n gbé ààrò irin sínú ti ògiri yẹn, èyí tó ní ilẹ̀kùn gíláàsì tó ń dé pinpin, irú èyí tí òfin fọwọ́ sí. Òṣìṣẹ́ ìjọba yẹn náà padà wá wò ó, ó ní ó dára. Ọjọ́ tí ẹ fẹ́ dán an wò, ẹ ní kí n jáde lọ dúró sí òpópónà, níwájú ilé Mísítà Réjì gan-an. Ẹ dáná. Ẹ yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ní, “Kí lo rí?” Mo ní, “Mi ò rí nǹkan kan, Màmá. Afẹ́fẹ́ kàn ń gbọ̀n lórí ihò náà ni.” Ẹ mi orí, ẹ wọlé.

Ní àárín ìgbà òtútù tó tẹ̀ lé e ni òjò kan rọ̀ tó ń di yìnyín bó ṣe ń kanlẹ̀. Mo ti wá lo òpin ọ̀sẹ̀ lọ́dọ̀ yín, torí náà ojú mi ló ṣe. Ó bo igi, ó bo ọkọ̀, ó bo wáyà iná. Kó tó di ọ̀sán, a ń gbọ́ bí ẹ̀ka igi ṣe ń já lulẹ̀ lórí òpópónà, ká tó mọ̀, iná ti lọ láti ilé wa títí dé ibi tí ojú lè rí i dé. Gbogbo ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná kú. Ti Káyọ̀dé kú pẹ̀lú wọn. Ọkọ̀ ò lè rìn. Mo pe nọ́ńbà pàjáwìrì láti bi wọ́n bóyá ọkọ̀ lè dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ní kí oníkálukú dúró sílé, pé wọ́n máa pẹ́ kí wọ́n tó dé ibikíbi.

Ilé wa gbóná débi pé a bọ́ súwẹ́tà. Ṣùgbọ́n ẹ ò jókòó. Ẹ dúró sí fèrèsé, ẹ ń wo ilé Mísítà Réjì. Ẹ ní, “Òtútù yìí máa dí àyà obìnrin yẹn pa.” Ẹ wọ bàtà. Mo ní yìnyín á gbé yín ṣubú. Ẹ gbé korobá eérú tí ẹ ti ń kó jọ láti inú ààrò, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í da eérú sílẹ̀ níwájú ara yín bí ẹni ń fún irúgbìn, ẹ ń tẹ̀ ẹ́ lọ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Ọ̀nà dúdú kan là sórí yìnyín náà.

Ẹ kan ilẹ̀kùn. Mísítà Réjì yọjú, ó ti wọ aṣọ òtútù méjì lé ara wọn. Ẹ ní, “Ẹ mú Lúsì wá sílé mi.” Ó ń wo yín. Ẹ ní, “Mo mọ ohun tí ẹ ń rò. Ẹ wo orí òrùlé mi. Bí ẹ bá rí èéfín, ẹ má wá.” Ó jáde, ó dúró lórí eérú yẹn, ó gbójú sókè, ó wò ó dáadáa. Lẹ́yìn náà ó wọlé lọ mú ìyàwó rẹ̀ wá, èmi dì í mú lápá kan, òun dì í mú ní èkejì.

Kò tíì pẹ́ tó jókòó nígbà tí àyà rẹ̀ dí. Òtútù ti ṣe é tó kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Oògùn tó ń fà símú kò tètè ràn án. Ètè rẹ̀ ń ṣú, ó ń ranjú, ọkọ rẹ̀ ń pe orúkọ rẹ̀ ṣáá. Nọ́ọ̀sì ni mí, Màmá, mo sì mọ̀ pé ọkọ̀ kankan ò lè dé ọ̀dọ̀ wa. Mo tún fún un ní oògùn náà. Ẹ̀yin kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ẹ ní, “Lúsì, ojú mi ni kí o wò. Má wo ẹlòmíràn. Mí jáde bí ẹni ń fẹ́ tíì gbígbóná. Díẹ̀díẹ̀. Tún un ṣe.” Ẹ ń ṣe é pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ ò gbé ojú kúrò lójú rẹ̀. Ó pẹ́ lójú mi. Nígbà tó yá, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, fèrè yẹn sì rọlẹ̀ nínú àyà rẹ̀. Ó fi orí lé èjìká yín, ó sùn lọ. Ẹ dúró lórí eékún yín kí ẹ má baà jí i.

Mísítà Réjì ń nu ojú. Ó ní, “Màdáàmù, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ.”

Ẹ ní, “Ẹ má sọ nǹkan kan. Igi ti ń tán nínú ààrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ gbé e wá.”

Àwọn mìíràn rí ọ̀nà eérú yẹn, wọ́n tẹ̀ lé e wá. Ìdílé ará Guyana tó wà ní ìkángun òpópónà gbé ọmọ ọwọ́ wọn wá. Ẹ se ẹ̀wà lórí ààrò irin yẹn, ẹ mú àkàrà dídì tó wà nínú fíríìjì gbóná lórí rẹ̀, gbogbo èèyàn jẹ ẹ́. Títí iná fi padà dé ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹnì kankan ò gbọ̀n òtútù nínú ilé yẹn, iná yín ò sì kú. Nígbà tí Káyọ̀dé pè, tó gbọ́ ariwo èèyàn lẹ́yìn yín, ó bi yín pé àwọn wo nìyẹn. Ẹ ní, “Àwọn àlejò mi ni. Ṣé kí n tà á báyìí?” Mo gbọ́ tí ó rẹ́rìn-ín láti Texas. Kò tún dárúkọ títa ilé mọ́.

Láti ìgbà náà, ẹ̀yin àti Mísítà Réjì lẹ jọ ń wá igi. Bí atẹ́gùn bá wó igi ẹnì kan láàdúgbò, ọkọ̀ àtijọ́ Mísítà Réjì lẹ ó gbé lọ. Ẹ kì í kọjá ààlà tí ìjọba pa, torí wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ igi run lè bá igi ìdáná lọ sí ibòmíràn. Ẹ kì í gba pákó tí wọ́n ti kùn lọ́dà, bó ti wù kí wọ́n fi lọ̀ yín tó, ẹ ní èéfín rẹ̀ kò dára fún àyà. Ẹ ó máa fi Yorùbá bú igi tó bá ya olórí kunkun, òun náà á máa fi èdè Haiti bú u. Lúsì á gbé tíì jáde, á jókòó tì yín nínú oòrùn. Ó wà láàárín wa lónìí, ẹ̀yin ará. Òun ló wọ aṣọ àlàárì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ ní ìlà kejì.

Lọ́dún tó kọjá, ọkàn yín bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Dókítà ní àáké ti di èèwọ̀. Ẹ gbọ́, inú yín ò dùn, ẹ sì pa á mọ́. Ẹ wá pe Káyọ̀dé pé kó wá. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó wá. Ẹ jókòó sórí àga Dádì nínú àgbàlá, ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹsẹ̀, ẹ ń darí rẹ̀: “Yí i. Kókó wà níbẹ̀. Etí rẹ̀, Káyọ̀dé, etí rẹ̀ ni.” Ó là á títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ó ní òun ò mọ̀ pé ó le tó báyìí. Ẹ ní, “O ò béèrè rí.”

Ní ilé ìwòsàn, ní àárọ̀ tó gbẹ̀yìn tí ojú yín fi mọ́lẹ̀, òjò ń lu fèrèsé. Ẹ ti ń sùn láti àná. Ẹ la ojú, ẹ ní, “Òjò ń rọ̀. Ṣé ẹ bo igi?” Mo ní, “A ti bò ó, Màmá.” Ẹ ní, “Òkè nìkan o.” Mo ní, “Òkè nìkan.” Ẹ di ọwọ́ mi mú. Káyọ̀dé ń ka Sáàmù fún yín, ohùn rẹ̀ ń já, ó ń tún un kà. Bí ẹ ṣe lọ nìyẹn, láìsí wàhálà, láàárín ọmọ yín méjèèjì.

A ò tíì ra pósí tán nígbà tí àwọn tó ń ra ilé bẹ̀rẹ̀ sí í pè wá. Wọ́n ní ilé àtijọ́ ni, ìtọ́jú rẹ̀ á le fún wa. Èmi àti Káyọ̀dé ò tilẹ̀ jókòó ṣèpàdé lórí rẹ̀. Ilé yẹn kì í ṣe títà. Mo ti fún onílé mi ní Springfield Gardens ní ìwé pé mò ń kó jáde, èmi àti àwọn ọmọ mi là ń kó wọ ibẹ̀. Káyọ̀dé ti ṣèlérí pé òun á máa wá ní gbogbo ìgbà tí ewé bá ń já. Mísítà Réjì ti sọ fún mi pé ọ̀la, lẹ́yìn tí a bá sin yín tán, kí n múra, igi kan wó ní òpópónà kejì, òun kò sì lè dá gbé e. Mo sọ fún un pé màá wá. Màá wọ ìbọ̀wọ́ yín.

Ìyá tó jí gìrì nígbà tí gbogbo wa rò pé ó ti parí. Ìyá tó gba àṣìṣe rẹ̀, tó sì tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe títí ó fi gún. Ìyá tí kò jẹ́ kí òtútù pa ìyàwó ẹni tó fẹjọ́ rẹ̀ sùn. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi yín fún wa. Lónìí, a ó gbé yín lọ sí Long Island, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dádì, níbi tí wọ́n ti ń retí yín. Ẹ bá wa kí wọn. Ẹ sọ fún wọn pé ara wa le, pé àwọn ọmọ-ọmọ wọn ń dàgbà, pé a ò ní rẹ̀wẹ̀sì.

Ẹ bọ́ bàtà báyìí, Àjíkẹ́. Ẹ sinmi ọwọ́. Ẹ sùn re lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ yín, Màmá, ẹ sùn re o.

Èmi ni àkọ́bí yín,
Fọlákẹ́